Sí Ràímì, Tó Ń Lọ Gbé Irin Nílùú Ọba

Agbo ilé wa, Ọ̀tà,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìrun Alásárì.

Ràímì Àjàní, ọmọ mi ọkùnrin,

Àlàáfíà fún ọ. Ìyá rẹ kí ọ, àwọn àbúrò rẹ kí ọ. Àgbò tí o rà fún wa nígbà Iléyá, tí ìyá rẹ ní a kò gbọ́dọ̀ pa nítorí pé ó ń dáhùn bí wọ́n bá pè é, òun náà kí ọ. Ó ti di ẹni tó ń bá mi sùn lórí pèpéle. Ara mi yá, àfi ìbàdí yìí tí ìwọ náà mọ̀ dáadáa.

Mi ò gbé lẹ́tà yìí lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́, pẹ̀lú ìwé ọdún mẹ́ta tí mo kà, nítorí pé ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí etí ará ìta gbọ́dọ̀ gbọ́. Bí o bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ kan ti gun orí èkejì, má bínú, ṣáà máa bá mi lọ.

Iṣẹ́ tí o rán sí mi dé etí mi. O ní kí n wá sí èbúté ní Àpápá lọ́jọ́bọ̀, kí n gbé ọwọ́ lé ọ lórí kí n ṣe àdúà fún ọ, kí o tó wọ ọkọ̀ òkun lọ síbi tí ìwọ àti àwọn alágbára ayé yóò ti jọ gbé irin. Nígbà tí wọ́n jẹ́ iṣẹ́ náà fún mi, mo wọ yàrá lọ, mo sunkún. Ayọ̀ wà nínú ẹkún náà, ẹ̀rù sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún ọ kí ọwọ́ mi tó kan orí rẹ. Nígbà tí o bá ka ìwé yìí tán, ìwọ fúnra rẹ ni yóò pinnu bóyá o ṣì fẹ́ ọwọ́ náà tàbí o kò fẹ́ ẹ mọ́. Mi ò lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, torí náà ní sùúrù fún mi, kí n gba ibi tí ẹsẹ̀ mi lè gbà.

Jẹ́ kí n sọ èyí tó rọrùn nínú rẹ̀ ná. Mo ń jowú rẹ, Àjàní. Mo tún ń jowú Jìnádù ọ̀gá rẹ nítorí rẹ. Méjèèjì ni mo ń jẹ pọ̀, mi ò mọ èyí tó ta jù. Mo mọ̀ pé bí àgbà bá jẹ́wọ́ ìlara lójú ọmọ rẹ̀, ó ti bọ́ra síhòòhò nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìwọ náà kò wọ̀ ju ṣòkòtò péńpé kan lọ nínú fọ́tò tí onígbàjámọ̀ gé nínú ìwé ìròyìn tó lẹ̀ mọ́ ògiri rẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa fi ẹnìkejì ṣe yẹ̀yẹ́ nínú wa.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí o mú dání: má ṣe gbé irin kankan nítorí ẹlòmíì.

Nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ, èmi ni mo lágbára jù nínú gbogbo alábàárù tó wà ní sítọ́ọ̀ èkùrọ́ ní Ṣàngó. Láti Ìjù, láti Àtàn, láti ọ̀nà Àgbárá lọ́hùn-ún ni èkùrọ́ ti ń wá. A ó dì í sínú àpò, a ó wọ̀n ọ́n, alábàárù á wá gbé e láti ẹnu sítọ́ọ̀ dé ẹ̀yìn lọ́rì. Jìnádù ló ṣìkejì mi. Ọ̀rẹ́ mi ni, a jọ ń jẹun nínú àwo kan ni. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì dùn ju tèmi lọ. Lọ́jọ́ kan ó ru àpò tirẹ̀, ó sì ń fi sáré bí ẹni tó ru fùlùfúlù. Àwọn ọmọbìnrin tó ń ṣa èkùrọ́ pàtẹ́wọ́ fún un. Sàfúrátù wà láàrin wọn, ẹni tó padà di ìyá rẹ.  Mo ní kí wọ́n gbé àpò méjì rù mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Jìnádù ní, "Sàláwù, má dán an wò. Ta ló ń bá ọ jà?"

Mo ní, "Kúrò lọ́nà."

Wọ́n gbé e rù mí. Mo sì gbé e dé ẹ̀yìn lọ́rì, ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé mi ò gbé e dé ibẹ̀, irọ́ ló pa. Ṣùgbọ́n kí n tó dé ibẹ̀, mo yíjú sọ́dọ̀ àwọn ọmọbìnrin yẹn kí wọ́n lè rí ojú mi dáadáa, ibi tí mo ti yíjú ni nǹkan ti já nínú ìbàdí mi. Láti ọjọ́ náà mi ò ru àpò mọ́. Bí mo bá sọ ìtàn yìí níwájú ìyá rẹ, á ní òun kò tilẹ̀ rí mi lọ́jọ́ náà, pé èèpo èkùrọ́ ló wọ òun lójú tí òun ń yọ. Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ. Bí o bá dé ọ̀hún tí o rí òyìnbó kan tí ó gbé ju tìrẹ lọ, jẹ́ kó máa gbé e. Èyí tí ìwọ àti ọ̀gá rẹ bá ti fẹnu kò lé lórí ni kí o gbé.

Lẹ́yìn tí ìbàdí mi bàjẹ́, wọ́n sọ mí di ẹni tó ń dúró lẹ́nu sítọ́ọ̀, tó ń ké sí àwọn alábàárù. Ìwọ náà dàgbà síbẹ̀, o mọ̀ ọ́n. Bí ènìyàn méjì bá ti gbé àpò ru ẹnì kan tán, tó ti kan orí rẹ̀, èmi á ké pé, "Máa lọ! Má dúró!" Ẹni tó bá dúró lábẹ́ ẹrù, ẹrù náà á máa wúwo sí i, ọrùn á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, orúnkún á máa gbọ̀n. Ẹni tó bá ń rìn ni ara ń tù. Bàbá mi tó ru epo láti Ọ̀tà lọ sí Èkó kí lọ́rì tó dé mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí o tó gbé àpò, èmi ni mo dúró tì ọ́ tí mo ń ké e sí ọ létí, títí kò fi sí ìyàtọ̀ láàrin ohùn mi àti ẹsẹ̀ rẹ. Bí mo bá ti lanu báyìí, ẹsẹ̀ rẹ ti gbéra. Mo máa ń fi ọ́ yangàn fún àwọn ará ọjà. Mo ní ọmọ mi kì í dúró lábẹ́ ẹrù.

Ohun kejì: má ṣe fi ohun tí o kò mọ̀ rẹ́rìn-ín.

Nígbà ogun ńlá, Jìnádù wọ iṣẹ́ ṣọ́jà. Ó ní ká jọ lọ. Ìbàdí ni kò lè jẹ́ kí n lọ, ṣùgbọ́n ojú tì mí láti sọ ọ́, mo wá ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé bàbá mi ni kò gbà. Bàbá mi kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n pè mí. Títí tí ó fi kú ni àwọn kan ń bú u pé ó fi ọmọ pamọ́ sábẹ́ ibùsùn, mi ò sì yọ ọ́ nínú rẹ̀. Fi ìyẹn sọ́kàn, mo ń bọ̀ wá sórí irú rẹ̀.

Jìnádù lọ jagun ní Bọ́mà, lókè òkun lọ́hùn-ún. Ibẹ̀ ló ti rí àwọn ṣọ́jà òyìnbó tí wọ́n fi àwo irin sí ẹnu ọ̀pá ní òsì àti ní ọ̀tún tí wọ́n ń gbé e sókè orí. Ó bá wọn gbé e. Nígbà tó dé, mi ò tíì gbàgbé, ilé wa yìí ló kọ́kọ́ wá. Ó mú ọmọ odó ìyá rẹ, ó ń fi ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Mo ní, "Bí wọ́n bá gbé e sókè tán, ibo ni wọ́n ń gbé e lọ?"

Ó ní, "Wọn kì í gbé e lọ síbì kankan. Wọ́n á gbé e, wọ́n á dúró, wọ́n á sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

"Síbi tí wọ́n ti gbé e náà?"

"Ibẹ̀ náà ni."

Mo ní, "Jìnádù, iṣẹ́ wèrè nìyẹn." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó fi ọmọ odó lélẹ̀ jẹ́ẹ́, ó jẹ iṣu rẹ̀, ó lọ. Iṣẹ́ wèrè yẹn ló gbé ọ lọ sí Gòólù Kóòsì tí o fi fi ẹ̀yìn àwọn ọmọ ibẹ̀ gbálẹ̀, tó tún fẹ́ gbé ọ sọdá òkun báyìí. Bí o bá dé ìlú ọba tí wọ́n gbé ọ̀dùnkún sísè síwájú rẹ láìsí ata, má rẹ́rìn-ín. Jẹ ẹ́. Ó lè jẹ́ pé òun ló fún wọn lágbára. Òtútù ibẹ̀ náà, wọ́n ní kì í ṣeré, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó gba ìrun Àsùbáà lọ́wọ́ rẹ.

Ní ti ìdíje rẹ àkọ́kọ́ ní Èkó. Mo mọ̀ pé o kì í fẹ́ ká sọ ọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni owú mi ti bẹ̀rẹ̀ gan-an.

O ti gbaṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe, o sì ti ń lọ sí àgbàlá Jìnádù ní Èbúté-Mẹ́ta ní ìrọ̀lẹ́, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní irin gbígbé. O kọ̀wé sí mi pé o ti rí bàbá kan tó mọ̀ mí. Ọjọ́ ìdíje, o gbé irin sókè orí, irú èyí tí ẹgbẹ́ rẹ kankan kò gbé. Gbogbo gbọ̀ngàn hó. Ni ìwọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin, wọ́n ní o tilẹ̀ ń wá ibi tí lọ́rì wà. Àwọn adájọ́ ń sá fún ọ. Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Bùròdá, wọ́n ti ra ọjà náà tán o, padà bọ̀!" Ẹ̀rín pa gbogbo ènìyàn. Adájọ́ ní irin náà kò wọlé, nítorí pé òfin wọn ni kí ènìyàn dúró gbọin lábẹ́ rẹ̀ títí adájọ́ á fi ju ọwọ́ sílẹ̀.

Wọ́n ní Jìnádù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ má fi ọmọ náà ṣe ẹlẹ́yà. Ẹni tó kọ́ ọ, ó kọ́ ọ dáadáa." Àwọn tó sọ fún mi rò pé inú mi máa dùn.

Ó wá fi ṣọ́ọ̀kì ya òbìrípo yí ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì ká, lójoojúmọ́, ó ní o kò gbọ́dọ̀ jáde nínú rẹ̀ bí irin bá wà lókè orí rẹ. Oṣù mẹ́rin. Oṣù mẹ́rin péré ló fi yọ ohun tí mo fi ọdún mẹ́wàá fi sí ọ lẹ́sẹ̀. Ìwọ lo wá ń sọ ọ́ fún mi nínú ilé yìí, tí o ń rẹ́rìn-ín, tí o ń fi ẹsẹ̀ ya òbìrípo sílẹ̀ kí n lè rí i. O ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ba ẹsẹ̀ mi jẹ́ o!" Eré lo ṣe, mo mọ̀. Mo bá ọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí o lọ tán, mo mú ìgbálẹ̀, mo gbá ibi tí o ya náà.

Láti ìgbà náà ni o ti ń gòkè. O borí ní Èkó, o borí gbogbo Nàìjíríà, o lọ sí Gòólù Kóòsì, o borí. Gbogbo Ọ̀tà ń kí mi. Ṣé o mọ ohun tó wà nínú ìwé ìròyìn tí onígbàjámọ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri yẹn? Ó wà lábẹ́ fọ́tò rẹ, wọ́n ní Jìnádù ni ọ̀gá rẹ, "ẹni tó jẹ́ bàbá fún un". Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú orí ààbọ̀ fífá, mo ka "bàbá" yẹn lẹ́ẹ̀mẹta bóyá mo ṣì í kà. Mo délé, mi ò lè jẹun.

Ìyá rẹ ní, "Owú lo ń jẹ."

Mo ní, "Ta ni mo fẹ́ jowú?"

Ó ní, "Jìnádù. O kò ráyè jowú rẹ̀ nítorí tèmi tó báyìí. Fa ọbẹ̀ yẹn mọ́ra jàre, òjòwú kì í lẹ́ran láyà."

Nítorí náà, kí n tó gbàgbé, bí akọ̀ròyìn kankan bá bi ọ́ ní ìlú ọba pé ta ló kọ́ ọ, má wá ọgbọ́n kankan dá nítorí tèmi. Jìnádù ni kí o sọ. Mo ti kọ gbólóhùn yìí lẹ́ẹ̀kan, mo pa á rẹ́, mo wá tún un kọ. Ó ṣì ń dùn mí.

Mi ò mọ iye ohun tí mo ti kà mọ́. Jẹ́ kí n máa lọ síbi tí mo ń lọ.

Sùlé. Ọmọ Agége tí ẹ jọ ń lọ. Ẹ̀yin méjì péré ni ọmọ ilẹ̀ yìí nínú ọkọ̀ náà tó ń lọ gbé irin, ẹ ò sì bá ara yín sọ̀rọ̀. O sọ fún mi fúnra rẹ, nígbà tí o wá kí wa lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n yan yín. O ní ní ìgbà kejì tí o gbé irin lọ́jọ́ náà, o ti gbé e sókè tán, o ti dúró, adájọ́ kù díẹ̀ kó ju ọwọ́ sílẹ̀, ni ẹnì kan láti igun àwọn ará àgbàlá Sùlé ké pé, "Máa lọ, Àjàní! Má dúró!" Ẹsẹ̀ òsì rẹ gbéra. Adájọ́ ní kò wọlé. Ìgbà kẹta ló kù fún ọ, ká ní èyí náà bọ́ ni, ilé ni o máa wà. O ní Sùlé mọ ìtàn ìṣísẹ̀ mẹ́rin yẹn, òun ló kígbe láti bà ọ́ jẹ́. O ní o ti búra pé láéláé, o kò ní kí i.

O tún wá wo ojú mi, o ní, "Ohùn rẹ̀ jọ tiyín, Bàbá. Ó ṣe mí bákan."

Mo ní, "Èmi kẹ̀? Ìjù ni mo wà lọ́jọ́ náà."

Àjàní, mi ò sí ní Ìjù. Èmi ni.

O kò pè mí wá síbẹ̀, o ní lọ́rì máa mì mí ní ìbàdí. Ìyẹn náà dùn mí, mo sọ fún ara mi pé Jìnádù ni kò fẹ́ kí n wá. Mo gun lọ́rì, mo fi ọwọ́ di ìbàdí mú, mo fa fìlà bo ojú, mo dúró lẹ́yìn òpó. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn ará Sùlé ló wà nígun yẹn. Mo wò ọ́ tí o jáde. Mi ò rí ọ rí níbi tí o ti ń ṣe é, àfi nínú fọ́tò. O tẹ̀, o gbé irin náà dé àyà, o tì í sókè, o sì dúró. Ẹsẹ̀ rẹ dúró bí òpó ilé. Mo bí ọ, mi ò mọ̀ ọ́.

Bí mo bá fẹ́ gba ara mi là, mo lè sọ pé ẹnu ló mọ́ mi lára, pé ogún ọdún tí mo fi ké e ló jáde láìrò. Bí ìyá rẹ ṣe ní kí n kọ ọ́ nìyẹn. Ó ní, "Sọ pé àṣà ni, á gbà." Ṣùgbọ́n èmi mọ ohun tó wà nínú mi. Jìnádù dúró sí ẹ̀gbẹ́, kò jìnnà sí òpó mi, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ìrìn, ó ń sọ pé, "Dúró, ọmọ mi. Dúró, ọmọ mi." Ìgbà tí mo gbọ́ "ọmọ mi" yẹn ni mo kígbe. Mo fẹ́ mọ ẹnu ẹni tí o máa gbọ́ nínú àwa méjèèjì.

O gbọ́ tèmi. Ẹsẹ̀ rẹ gbéra. Kí Ọlọ́run forí jì mí, inú mi dùn. Kò pẹ́, kò ju kí ènìyàn mí lẹ́ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n inú mi dùn, kí n tó wá rí ojú rẹ nígbà tí irin bọ́ sílẹ̀.

Mo jáde. Mi ò dúró wo ìgbà kẹta. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti gbọ́ ariwo tí mo fi mọ̀ pé o gbé e. Mo jókòó sí ẹ̀bá kòtò, mo ń sọ Alihamdulilahi.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí, kò sí nọ́ńbà lórí rẹ̀. Kí ọkọ̀ tó ṣí, lọ bá Sùlé. Dọ̀bálẹ̀ fún un bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ, kí o sọ fún un pé bàbá rẹ ló kígbe. Dárúkọ mi, má sọ pé bàbá kan. Ẹ̀gàn tí mo jẹ́ kí bàbá tèmi gbé títí ó fi dé sàréè, mi ò ní jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ gbé irú rẹ̀ sọdá òkun. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àjèjì ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ẹ ó nílò ara yín lọ́hùn-ún.

Jìnádù kò nílò kí o sọ fún un. Ó mọ̀. Ọdún mẹ́wàá ló fi gbọ́ ohùn yẹn lójoojúmọ́ lẹ́nu sítọ́ọ̀, kò lè ṣì í mọ̀. Nígbà tí mo ké e, ó yíjú sọ́dọ̀ òpó mi, ojú wa ṣe mẹ́rin. Kò sọ fún ọ láti ọjọ́ náà wá, àbí ó sọ? Kò sọ. Ó ń gbìyànjú láti má jẹ́ kí o mọ irú ẹni tí bàbá rẹ jẹ́. Ṣé o rí i, ìyẹn gan-an tún ń bí mi nínú. Ó lágbára jù mí lọ, ó lẹ́nu jù mí lọ, ó tún wá ní sùúrù jù mí lọ. Kí ni ó fẹ́ kí n ní?

Ìwọ ni mo ní. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìyẹn náà ṣòfò.

Bí o bá dé ọ̀hún, tí irin wà lókè orí rẹ, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pariwo ní èdè tí o kò gbọ́, dúró. Má wo ẹ̀yìn. Ohun tí mo kọ́ ọ dára fún àpò èkùrọ́, mi ò ní sọ pé kò dára, ṣùgbọ́n kò wúlò níbẹ̀. Dúró títí òyìnbó yẹn á fi ju ọwọ́ sílẹ̀. Bí o bá tún gbọ́ ohun tó jọ ohùn mi, àní bó jẹ́ nínú ọkàn rẹ ló ti wá, má gbéra.

Kí Ọlọ́run Ọba mú ọ dé ibẹ̀ láyọ̀, kó mú ọ padà wá bá wa láyọ̀. Àdúà yìí, ìwé ló wà, kò kan orí rẹ, o lè gbà á láìdárí jì mí.

Má kọ èsì, kò ní tètè dé. Màá wọ lọ́rì àárọ̀ láti Ṣàngó lọ́jọ́bọ̀. Mo máa dúró láàrin àwọn tó wá sin èèyàn wọn, lẹ́yìn ibi tí wọ́n bá ní ká má kọjá. Bí o bá ṣì fẹ́ ọwọ́ mi, pè mí, màá wá. Bí Jìnádù bá fẹ́ gbé tirẹ̀ lé ọ lórí pẹ̀lú, kó gbé e, mi ò ní janpata. Bí o kò bá sì pè mí, máa bá ọ̀gá rẹ wọkọ̀. Màá máa wò ọ́ títí mi ò fi ní rí ọ mọ́.

Mi ò ní pariwo.

Èmi ni,
Sàláwù, bàbá rẹ.